Owó Pọ̀ Sí I, Inú Ń Bí Ẹ̀gbọ́n Mi: Àlàyé Lórí Bí Ipò Ṣe Ń Darí Ọjà àti Iṣẹ́

Ní oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu buwọ́ lu òfin tó gbé owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà kúrò ní 30,000 náírà sí 70,000. Nígbà tó yá, ìpínlẹ̀ Oǹdó ní tòun yóò jẹ́ 73,000. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn ní Àkúrẹ́ níbí. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tí owó tuntun wọlé, mo yà kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, lẹ́fẹ̀lì 12, mo bá a tó fajú ro bí ẹni tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọn ò fi kún tiyín ni?"

"Wọ́n fi kún un."

"Àbí wọ́n yọ nínú rẹ̀?"

"Wọn ò yọ kọ́bọ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá tú u síta. "Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa, owó tiẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tèmi, ṣe ni wọ́n rọra bu díẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi gun àkàbà yìí o! Wọ́n wá gbé ẹni ìsàlẹ̀ sún mọ́ mi, èmi ò sì kúrò lójú kan."

Irú ọ̀rọ̀ yìí rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nígbà náà. Lórí rédíò, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń pariwo consequential adjustment. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí wọ́n bá ti fi kún owó ẹni tó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n fi kún ti ẹni òkè náà, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má bàa pòórá. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba á máa wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Owó ẹ pọ̀ sí i, kí ló wá kàn ẹ́ nínú owó ẹlòmíràn?

Ó kàn án. Ohun tó mú kó kàn án yìí náà ló mú kí léèsì kan wọ́n ju èkejì lọ ní Ọjà Ọba, òun ló mú kí àwọn tó ní HND, ìwé ẹ̀rí pólítẹ́kíníìkì, àtàwọn tó ní dìgírì máa fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọdún gbọọrọ. Ipò lorúkọ rẹ̀.

Kí ni ipò?

Ipò kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe agbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń jọ rìn. Max Weber, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó kú ní 1920, wà lára àwọn tó yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé: owó lọ́tọ̀, iyì lọ́tọ̀, agbára lọ́tọ̀. Àwa ò nílò ìwé rẹ̀ ká tó mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò Ìjọ̀kà. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wọlé pẹ̀lú agbádá tó ti ṣá, ìdajì àwọn tó jókòó dìde kí i, wọ́n sáré wá àga fún un níwájú. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé mọ́tò olówó gọbọi dé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà dá a lóhùn láìgbójú sókè, torí pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Tíṣà ní ipò. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ní owó, ipò ló ń wá kiri, ẹ ó sì mọ̀ pé ó ń wá a nígbà tó bá bọ́ síwájú onílù.

Ipò ni ibi tí àwọn èèyàn gbé ọ sí lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n bá ń ka ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Àwọn ló ń fún ọ, o ò lè fún ara rẹ. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn baba wa ti parí ẹ̀.

Ipò wá yàtọ̀ sí ìrẹsì lọ́nà kan. Bí ìrẹsì bá pọ̀ lọ́dún yìí, gbogbo wa la máa jẹ ẹ́. Ipò kì í pọ̀. Olóyè Lísà kan ṣoṣo ló wà nílùú Oǹdó. Bí kábíyèsí bá fi ogún èèyàn jẹ Lísà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jẹ Lísà nínú wọn. Fred Hirsch, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1976, ẹ̀yin náà sì ti rí i níbi tí eégún ti ń jó: àwọn tó wà níwájú na ẹsẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa, àwọn tẹ̀yìn náà na tiwọn, títí gbogbo agbo fi dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí eégún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ sì ń ro kálukú.

Kí ló dé tí léèsì kan fi ń wọ́n ju èkejì lọ?

Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń to nǹkan ní ipò-ipò. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ò gbé wọn lọ sílé àyẹ̀wò kó tó tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ìjókòó olóyè ló ṣe tò wọ́n. (Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìlà àkọ́kọ́ yẹn.)

Mo sin ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà lọ sí Ọjà Ọba nígbà kan tó ń múra òkú àgbà. Ìyá tó ń ta léèsì tẹ́ méjì sílẹ̀ níwájú wa, aláwọ̀ wáìnì ni méjèèjì. Ó fọwọ́ pa ọ̀kan lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára, ó ní, "Swiss nìyí." Ó wá fi àgbọ̀n nàka sí èkejì. "Tọ̀hún náà dáa." Owó èyí tó pè ní Swiss fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti "tọ̀hún náà dáa" lọ. Mo di ojú, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra àwọn méjèèjì wò, mi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lọ́wọ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, kì í ṣe ìka la fi ń mọ̀ ọ́n. Ojú àwọn tó máa wà lóde ọjọ́ yẹn la fi ń mọ̀ ọ́n."

Mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúkọ Swiss yìí gan-an nítàn. Púpọ̀ nínú léèsì tí àwọn ìyá wa fi yangàn nígbà tí owó epo ń ṣàn kì í ṣe láti Switzerland ló ti wá. Lustenau ni wọ́n ti ń ṣe é, ìlú kékeré kan ní Austria tí odò Rhine là láàárín òun àti Switzerland. Láti nǹkan bí 1960 sókè ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe léèsì fún àwọn oníbàárà láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń ya ọnà rẹ̀ bí àwa ṣe fẹ́ ẹ. Àwọn ará Lustenau fúnra wọn kì í wọ̀ ọ́. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba fòfin de kíkó o wọlé, wọ́n ní owó ilẹ̀ òkèèrè ń ṣòfò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń gba ẹ̀yìn wọlé, ìyá tó bá sì rí i wọ̀ lóde ṣe bẹ́ẹ̀ fi hàn pé òun mọ ẹni tó mọ èèyàn. Òfin tó yẹ kó pa léèsì ló fi kún iyì rẹ̀.

Thorstein Veblen, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ti kọ ọ́ láti 1899 pé àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn ń rà kí ojú lè rí i pé òun rà á. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀ lé òfin tí ìyá aláta mọ̀. Bí owó ata bá wálẹ̀, èèyàn á rà á pọ̀ sí i. Bí léèsì yẹn bá dé orí ọmọlanke lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ń pè é ní "gba méjì san ọ̀kan", ẹ̀gbọ́n mi ò ní wọ̀ ọ́ lọ sóde mọ́ láé. Owó gọbọi rẹ̀ wà lára ohun tó ń rà.

Ẹ má sì rò pé àwọn tó ń sọ pé èyí tó wọ́n dára jù ń parọ́. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí ní California fún àwọn èèyàn ní wáìnì kan náà mu ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà kan wọ́n á ní dọ́là 10 ni, nígbà mìíràn wọ́n á ní dọ́là 90. Àwọn tó mu ún ní ti dọ́là 90 dùn jù. Ẹ̀rọ tó ń wo inú ọpọlọ wọn náà sì jẹ́rìí: ibi tó ń mọ adùn nínú ọpọlọ ta kìjí jù nígbà tí wọ́n gbọ́ owó ńlá. Adùn yẹn dé ẹnu wọn lóòótọ́. Látìgbà tí mo ti ka ìyẹn, mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi jà mọ́ nígbà tó bá ní Swiss máa ń rọ̀ mọ́ òun lára.

Ṣé ẹ̀tàn ni gbogbo orúkọ ńlá, nígbà náà?

Rárá o. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti díjú díẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká rọra.

Ẹ wo orúkọ tí a fún mọ́tò: tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun la gbé fún mọ́tò àlòkù láti ìlú òyìnbó. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú rẹ̀ kan náà, ọdún kan náà, tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, ẹ ó rí i pé tòkunbọ̀ wọ́n jù ú lọ dáadáa. Kí nìdí? Ẹni tó ń tà á mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń rà á ò mọ̀ ọ́n. George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ lọ́dún 1970. Bí oníbàárà ò bá lè dá mọ́tò rere mọ̀ yàtọ̀ sí jákujàku, owó jákujàku ni yóò dá lé gbogbo wọn. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ dáa á wá binú gbé tiẹ̀ kúrò lọ́jà, àwọn jákujàku nìkan ló máa kù. Orúkọ ló ń gba irú ọjà bẹ́ẹ̀ là. Bí mẹkáníìkì bá ní "tòkunbọ̀ ni", ohun tó ń sọ ni pé mọ́tò náà ò tíì bọ́ sínú kòtò ojú ọ̀nà wa. Lọ́dún 2001, Akerlof àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Michael Spence àti Joseph Stiglitz, jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú iṣẹ́ yìí.

Orúkọ tún lè ṣiṣẹ́ lòdì sí èèyàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kòkó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń ṣíwájú nínú kòkó ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá gba Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì kọjá nígbà ìkórè, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Títí di 1986, àjọ ìjọba ló ń ra kòkó, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á pín in sí onípò kìíní, onípò kejì. Ìjọba pa àjọ yẹn rẹ́ lọ́dún náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òṣùwọ̀n àti owó lọ́wọ́ di alájàpá kòkó, àyẹ̀wò sì dẹ̀. Tútù wọlé, èyí tó hu wọlé, orúkọ kòkó Nàìjíríà sì ṣá lójú àwọn tó ń rà á lókè òkun. Ghana ò pa àjọ tiwọn rẹ́, orúkọ wọn dúró, àwọn oníbàárà sì ń san lé e fún tiwọn ju tiwa lọ.

Ẹ wá wo bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè tó bo kòkó rẹ̀ mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà bó ṣe yẹ, tó ń yí i padà, tó sá a títí ó fi ń dún ṣaworo lọ́wọ́. Àpò rẹ̀ dé ọjà àgbáyé, orúkọ ẹni tó sá tiẹ̀ lẹ́bàá títì tó sì kó o nígbà tó ṣì rin ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀.

Orúkọ sì máa ń bí orúkọ. Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, pe àfiyèsí sí i lọ́dún 1968 láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì: bí olókìkí kan àti ẹni tí kò lórúkọ bá ṣe iṣẹ́ kan náà, olókìkí ni wọ́n á fi ìyìn rẹ̀ fún. Ó fi orúkọ Mátíù pè é, nítorí ẹsẹ Bíbélì tó ní ẹni tó bá ní ni a ó fi fún, tí yóò sì ní lọ́pọ̀lọpọ̀. Èmi ò tíì dé ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì rí, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni mo ti rí tèmi. Mo mọ télọ̀ kan tó lórúkọ gan-an. Bó bá di oṣù Kejìlá, aṣọ á ga dé òrùlé, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò ní raye fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ọmọṣẹ́ kan ló ń rán gbogbo rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sí ẹ̀yìn etí. Ọrùn aṣọ wọ́, oníbàárà á ní "báyìí ni ọ̀gá ṣe máa ń rán an, sítáílì rẹ̀ ni." Nígbà tí ọmọ yìí gba fírídọ̀mù, ó ya ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò kan náà. Àwọn tó ti wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko ń kọjá lójú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọwọ́ kan náà ni o, àkọlé iwájú ṣọ́ọ̀bù ló yàtọ̀.

Kí ló dé tí ohun tó bá ti kárí fi ń di yẹpẹrẹ?

Ìka ẹsẹ̀ níbi eégún náà ni. Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ẹni tó bá ní in á fi há bẹ́líìtì kí gbogbo ayé lè rí i. Nígbà tí ìyá ẹlẹ́kọ náà ní fóònù, fóònù ò sọ nǹkan kan nípa ẹni mọ́, ọ̀rọ̀ wá di irú èyí tó jẹ́. Oyè náà rí bẹ́ẹ̀: "Chief" nìkan ti tó tẹ́lẹ̀, lónìí, bí wọ́n bá pè ọ́ ní Chief lásán lóde, ẹni tó jókòó tì ọ́ á ní kí wọ́n pe tòun ní High Chief.

Ó sì máa ń yí bìrí nígbà mìíràn. Ìrẹsì ọ̀fàdà, ìrẹsì ará oko ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, tòun ti òkúta inú rẹ̀. Ti ilẹ̀ òkèèrè tó funfun nigín ni olówó ń jẹ. Nígbà tí ìrẹsì funfun di ohun tí gbogbo ilé ń sè, àwọn olówó bá padà sọ́dọ̀ ọ̀fàdà. Lóde òní, inú ewé ni wọ́n ti ń bù ú, pẹ̀lú ayamáṣe lórí, wọ́n sì yan tábìlì tirẹ̀ fún un. Ìrẹsì náà ò yí padà.

Báwo ni ipò ṣe ń wọ ibi iṣẹ́?

Ìwé ẹ̀rí ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan jáde ní FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí lọ́dún 1981. Ẹnì kejì jáde pẹ̀lú HND ní Rufus Giwa Polytechnic, Ọ̀wọ̀. Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ẹni tó ní dìgírì á bẹ̀rẹ̀ ní lẹ́fẹ̀lì 08, ẹni tó ní HND ní 07, lẹ́fẹ̀lì 14 sì ni òrùlé oní-HND. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni àwọn aṣòfin ti gbé e pé kí wọ́n fòpin sí ìyàtọ̀ yìí? Ìjà náà ò tíì tán.

Kí ni dìgírì ń sọ gan-an? Michael Spence tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣe àlàyé rẹ̀ lọ́dún 1973. Agbanisíṣẹ́ ò lè wo inú orí ẹni tó ń wá iṣẹ́, bí ẹni tó ń ra mọ́tò ò ṣe lè wo inú ẹ́ńjìnnì. Ìwé ẹ̀rí sì ṣòro gbà, ó ṣòro jù fún ẹni tí kò ní làákàyè àti sùúrù. Nítorí náà, ó lè jẹ́ àmì tó ṣeé gbára lé kódà bí o ò bá lo ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí gbogbo èèyàn bá ti ní àmì kan, kì í ṣe àmì mọ́. Iṣẹ́ tí ìwé mẹ́wàá máa ń ṣe nígbà ayé bàbá mi ti ń béèrè dìgírì, tí dìgírì bá sì pọ̀, wọ́n á ní ká mú Master's wá. Iṣẹ́ ò le ju bó ṣe wà lọ. Agbo ló ń na ẹsẹ̀.

Ohun tó ń bí àwọn kan tó ní dìgírì nínú lórí ọ̀rọ̀ HND náà nìyí, bí wọn ò tiẹ̀ ní sọ ọ́ síta. Kò sẹ́ni tó máa yọ kọ́bọ̀ nínú owó wọn. Àtẹ̀gùn kan tó wà lábẹ́ wọn ló máa yọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ mọ èyí ju àwa òṣìṣẹ́ lọ, wọ́n sì ń fi ipò san owó. Àbúrò mi kan ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan fún ọdún mẹ́rin. Kóòtù, táì, bàtà tó ń kọ mànà, ẹ̀rọ amúlétutù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì gan-an kọ́ o. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yá báǹkì ní èèyàn ló gbà á, owó rẹ̀ ò tó ìdajì ti ẹni tó jókòó tì í, tí wọ́n jọ ń ka owó kan náà. Bíríkìlà tó ń gbé ní àgbàlá kejì wa ń gbé owó wálé ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday, pásítọ̀ á ní "bánkà wa, ẹ dìde ká rí yín." Mo bi í nígbà tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ló fi dúró ọdún mẹ́rin. Ó ronú, ó ní: "Bánkà wa yẹn ni."

Robert Frank, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1985. Ó ní láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan, ẹni òkè kì í sábà gba gbogbo iye tí iṣẹ́ rẹ̀ tó, ẹni ìsàlẹ̀ sì máa ń gbà ju ti ọwọ́ rẹ̀ lọ díẹ̀. Ó dà bíi pé ẹni òkè ń san owó ìjókòó. Ẹnì kan ní láti wà nísàlẹ̀ kí ẹlòmíràn tó lè wà lókè, ẹni tó gbà láti wà nísàlẹ̀ sì yẹ kó gba nǹkan díẹ̀ lé e. Bí o bá fẹ́ gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ, kúrò lọ sí odò ńlá tí àwọn ẹja tó tóbi jù ọ́ wà. Ọ̀pọ̀ ẹja ńlá ló yàn láti dúró nínú odò kékeré.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní lẹ́fẹ̀lì 12. (Láti 10 ni wọ́n ti fò wọ́n sí 12 o, kò sí 11 níbẹ̀, ẹ má bi mí léèrè ìdí.) Bí ẹ bá rò pé ìlara ló ń ṣe é, ẹ gbọ́ èyí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998, wọ́n bi àwọn èèyàn ní yunifásítì Harvard pé èwo ni wọ́n fẹ́ nínú méjì: kí wọ́n máa gba dọ́là 50,000 lọ́dún níbi tí àwọn yòókù ti ń gba 25,000, tàbí kí wọ́n máa gba 100,000 níbi tí àwọn yòókù ti ń gba 200,000. Wọ́n ní kí wọ́n gbà pé agbára owó ò yàtọ̀ níbi méjèèjì. Nǹkan bí ìdajì wọn mú 50,000. Wọ́n fi ìdajì owó sílẹ̀ kí wọ́n lè wà níwájú! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n nípa ọjọ́ ìsinmi, díẹ̀ ló fẹ́ èyí tó kéré nítorí pé ó ju tàwọn ẹlòmíràn lọ. Ìsinmi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wò lára ẹni.

Ní California, ìwé ìròyìn kan gbé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2008. Àwọn olùwádìí lọ sọ fún àwọn kan lára òṣìṣẹ́ yunifásítì ibẹ̀ pé wọ́n lè lọ wò ó. Àwọn tó rí i pé owó àwọn kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ wọn banú jẹ́, wọ́n sì ń sọ pé àwọn á wá iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tó rí i pé tàwọn pọ̀ jù ńkọ́? Inú wọn ò dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bóyá wọ́n ti gbà pé ibi tó tọ́ sí àwọn náà làwọn wà.

Ṣé ó ń wọ inú ara?

Ó ń wọ̀ ọ́. Láti 1967, wọ́n tọ ipasẹ̀ ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí ọkùnrin 18,000. Michael Marmot, oníṣègùn kan, ló wá di gbajúmọ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Kò sí tálákà paraku nínú wọn, gbogbo wọn ló ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Síbẹ̀, ikú ń pa àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn mẹ́séńjà àti aṣọ́nà, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye tó ń pa ti àwọn ọ̀gá àgbà. Ó sì lọ bí àtẹ̀gùn: àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀gá àgbà pẹ̀lú, tí wọn ò mọ ebi, ń kú ju ọ̀gá àgbà lọ. Sìgá wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, wọn ò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́dún 1985, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú ohun tó kan ọkàn jù ni bóyá èèyàn ní ẹnu lórí iṣẹ́ ara rẹ̀, àbí ṣe ni wọ́n kàn ń fi àṣẹ tì í síwá sẹ́yìn.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti wà kí wọ́n tó fi kún owó ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo tún yà sí ọ́fíìsì wọn, òun ò tíì dé. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ọkùnrin tó máa tó ọmọ àádọ́ta ọdún, tó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Mo kí i kú oríire owó tuntun. Ó ní kò tó àpò ìrẹsì kan, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni. Ó ti ìgbálẹ̀ mọ́ ògiri, ó wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín. Látìgbà tí owó yẹn ti dé, wọn ò dáhùn ìkíni mi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"